Ẹ Má Pe Ikú Àìlówó Ọkọ̀ ní Ikú Ọlọ́jọ́

  

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Òwe yìí máa ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Bí ènìyàn bá ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, tí aláìsàn sì kú, àwọn àgbà á ní ọlọ́jọ́ ló dé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà dúró bèèrè. Báwo la ṣe ń mọ ibi tí àìsàn parí sí, àti ibi tí ikú ti bẹ̀rẹ̀? Bí ọmọ bá kú nítorí pé owó ọkọ̀ tán ní oṣù kẹta ìtọ́jú, ṣé ọlọ́jọ́ náà ló dé yẹn?

Àìsàn tí mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lónìí ni jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní leukemia. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń ṣe ọmọdé, òun ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ó ń wọ ilé olówó, ó ń wọ ilé tálákà, kò sì sí ohun tí òbí ṣe tàbí tí kò ṣe tó sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n tí a bá wá ka àwọn tó kú, ilé tálákà la ó ti rí èyí tó pọ̀ jù. Ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ti wá ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀?

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń pèsè sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí a bá fara gé. Nígbà tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun kan á yà kúrò lọ́nà, á máa bí irú ara rẹ̀ láìdúró. Àwọn tó ń bí yìí kò mọ iṣẹ́ kankan ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n á gba gbogbo àyè inú egungun mọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ ó rí lára ọmọ nìyí. Sẹ́ẹ̀lì pupa á dín, ojú àti àtẹ́lẹwọ́ ọmọ á funfun, á máa rẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá náà á dín, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní imú tàbí ní èrìgì, ara á máa dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lù ú. Àwọn tó ń bá kòkòrò jà á dín, ibà á máa lọ, á máa bọ̀. Egungun lè máa dun ọmọ débi pé á máa tiro. Kókó lè so sí ọrùn tàbí abíyá, ikùn sì lè wú.

Ẹ ò rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà? Egungun dídùn náà jọ ti fọniku-fọnidide. Nílẹ̀ wa tí ibà ti pọ̀ bí omi òjò, ó rọrùn kí ọmọ lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé ó yẹ ká ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, pàápàá láàárín ọmọ ọdún 2 sí 5, kì í sì í fún ènìyàn láyè: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló lè dojú ọmọ bolẹ̀. Irú mìíràn wà tó ń rọra jẹ àgbàlagbà lára fún ọdún púpọ̀. Mà á padà sórí ìyẹn nígbà tí a bá dé Ilé-Ifẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ

Dókítà ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ló sọ àrùn yìí lórúkọ. Ní 1845 ó kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tó ti kú, pé funfun ti bo pupa mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1847 ó lọ yá ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè Gíríìkì, leukos tó jẹ́ funfun àti haima tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó so wọ́n pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ funfun: gbogbo ìtumọ̀ orúkọ ńlá yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi tí iṣẹ́ èdè jẹ́ iṣẹ́ mi, ohun tí ọkùnrin yìí ṣe tẹ̀ lé e ló wọ̀ mí lára jù. Ní 1848, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 27, ìjọba Prussia rán an lọ sí Upper Silesia, àgbègbè kan tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wà ní Poland lónìí, pé kó lọ wo ohun tó dé tí àrùn typhus fi ń pa àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ìwé tó kọ wálé kò dúró lórí oògùn. Ó sọ̀rọ̀ ebi, ó sọ̀rọ̀ ilé tí kò dára, ó sọ̀rọ̀ owó orí tó wúwo, ojú ọ̀nà tí kò sí àti ilé ẹ̀kọ́ tí kò tó. Ó sì sọ̀rọ̀ èdè: èdè Polish ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, èdè Jámánì ni àwọn aláṣẹ ń bá wọn sọ. Lára ohun tó béèrè ni pé kí èdè Polish di èdè ìjọba níbẹ̀.

Ẹni kan náà tó fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lórúkọ ló sọ fún ìjọba rẹ̀ pé ohun tó ń pa ènìyàn kì í ṣe àrùn nìkan, pé bí a ṣe ṣètò ìlú náà wà níbẹ̀. Ìran tiwa ti rí ẹ̀rí tó pọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà bá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pàápàá mu.

Oògùn ti wà tipẹ́

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ọmọdé St. Jude ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà ní 1962, nínú 100 ọmọ tó bá ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù yẹn, nǹkan bí 4 ló ń yè é. Lónìí, níbẹ̀ àti ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ káàkiri àwọn ilẹ̀ olówó, ó ti kọjá 90.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí á rò pé oògùn ìyanu kan ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oògùn tí wọ́n fi ń ṣe é ti dàgbà ju èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Mercaptopurine, oníhóró tí ọmọ ń gbé mì nílé lójoojúmọ́, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 1953. Ohun tí wọ́n kọ́ láti ìgbà náà ni bí a ṣe ń to oògùn pọ̀, iye tí ara ọmọ lè gbà, bí a ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn tó bá wọlé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, àti bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìtọ́jú náà títí dé òpin láìjẹ́ kó já.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọ tí kò ju ọdún 19 lọ ni jẹjẹrẹ oríṣiríṣi ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, ó ju 80 nínú 100 lọ tí ara wọn ń yá pátápátá. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí owó kò pọ̀, kò tó 30. Ní 2018, àjọ náà gbé ètò kan kalẹ̀ pé tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán kí 60 nínú 100 máa yè é ní gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n ń ka ohun tó fa àlàfo náà, wọ́n dárúkọ àìtètè mọ àrùn, àṣìmọ̀ àrùn, àìrí ìtọ́jú, àti ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa: fífi ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Recife

Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí tó yé mi jù ni Recife, ní etíkun àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Ìlú yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn Nàgó gbé dé ibẹ̀, Xangô ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀, ìyẹn Ṣàngó tiwa. Recife ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Pernambuco, àgbègbè náà sì wà lára ibi tí òṣì ti ń ta àwọn ará Brazil jù. Ìpínlẹ̀ náà gùn. Láti Petrolina tó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ dé Recife, ó ju kìlómítà 700 lọ, bí ìgbà tí ènìyàn gbéra ní Èkó tó ń lọ sí Abuja.

Ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IMIP. Láàárín 1980 sí 1989, wọ́n tọ́jú ọmọ 83 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yìí. Tí a bá wo ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìtọ́jú, nǹkan bí 32 nínú 100 ló wà láàyè tí àrùn kò sì padà. Nínú ọmọ 83 náà, 13 ni kò parí ìtọ́jú. Òbí wọn mú wọn lọ sílé, wọn kò sì gbé wọn padà wá.

Kí ẹ tó dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ bá mi ka ohun tí ìtọ́jú náà ń béèrè. Ọdún méjì sí mẹ́ta ló ń gbà. Oṣù àkọ́kọ́ le, inú ilé ìwòsàn ni ọmọ sábà máa ń wà. Ìyá á sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó kù nílé? Ta ló ń bá a ta ọjà rẹ̀? Tí bàbá bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ọjọ́ tó bá wá wo ọmọ ni ọjọ́ tí owó kò wọlé. Lẹ́yìn oṣù kan, tí oògùn bá ṣiṣẹ́, ọmọ á jí pépé. Irun lè ti re, ṣùgbọ́n á máa jẹun, á máa ṣeré. Ibẹ̀ gan-an ni dókítà á ti wá sọ pé ó ku ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wo ọmọ tó ń sáré kiri, ó wo àpò tó ti gbẹ, ó wo ojú ọ̀nà tó jìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò pé á ṣe?

Láàárín àwọn ọdún 1990, IMIP àti St. Jude ti Memphis dọwọ́ pọ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ẹ̀ka tiwọn, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ náà, wọ́n kọ ètò ìtọ́jú kan tí gbogbo dókítà ibẹ̀ á máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í kà sí iṣẹ́ tiwọn: wọ́n wá owó ọkọ̀ fún ìdílé, wọ́n wá ibùgbé fún àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n wá oúnjẹ, wọ́n sì fi ènìyàn sílẹ̀ tí á máa bá òbí sọ̀rọ̀ lórí ìṣòro rẹ̀.

Láàárín 1997 sí 2002, wọ́n tọ́jú ọmọ 214. Àwọn tó wà láàyè láìsí pé àrùn padà di 63 nínú 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù: nínú ọmọ 214, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò parí ìtọ́jú.

Mi ò ní tàn yín. Oògùn tí wọ́n ń lò ní ìgbà kejì dára ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ, ìtọ́jú kòkòrò àrùn náà sì sunwọ̀n, nítorí náà kì í ṣe owó ọkọ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń fi ìtọ́jú sílẹ̀ kúrò ní 13 nínú 83, kó di 1 nínú 214, ìyẹn kò ti inú ìgò oògùn wá. Ọkọ̀, oúnjẹ àti ibi ìsùn ló ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ará ilé ọmọ 13 yẹn ì bá sọ pé ọlọ́jọ́ ló dé. Nígbà kejì, ọlọ́jọ́ náà kò wá mọ́.

Bí òṣì ṣe ń bá oògùn jà nínú ara

Ẹlòmíràn lè ní tí ọmọ bá ṣáà ti ń wá sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ owó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú mìíràn ní Brazil, Belo Horizonte, àwọn dókítà kan fẹ́ mọ bí ìdílé ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe rí jẹ tó. Wọ́n béèrè owó tó ń wọlé. Wọ́n tún béèrè iye iná mànàmáná tí ilé náà ń lò, wọ́n pín in sí iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, ilé tí iná tí wọ́n ń lò kéré ni àrùn ti ń padà sí ọmọ lára jù, àti lára ọmọ tí ebi kò jẹ́ kó dàgbà tó ọjọ́ orí rẹ̀. Ara tí kò jẹun kánú kì í lè gba oògùn tó yẹ kó gbà. Dókítà á dín in kù, àrùn á sì rí àyè.

Ní Amẹ́ríkà tí a rò pé kò sí irú èyí, iṣẹ́ kan jáde láti Boston ní 2016 lórí àwọn ọmọ tí gbogbo wọn ń gba ìtọ́jú kan náà lábẹ́ ètò kan náà. Nínú àwọn ọmọ àdúgbò òṣì tí àrùn padà sí lára, 92 nínú 100 ló jẹ́ pé ọdún mẹ́ta kò tíì pé tó fi padà. Nínú àwọn ọmọ àdúgbò yòókù, 48 ni. Ìpadàbọ̀ tó bá yá bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń ṣòro láti gbà là jù.

Iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ wo oníhóró tí ọmọ ń lò nílé. Ọmọ tó bá ń pàdánù ju 5 lọ nínú 100 oògùn tó yẹ kó lò, ewu pé àrùn á padà ju ìlọ́po méjì ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ọjọ́ méjì péré nínú oṣù kan ti tó láti kọjá ààlà yẹn. Ilé tí ìyá ti ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí, tí bàbá ń dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ mọ bí ọjọ́ méjì ṣe ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé bí ẹ̀jẹ̀ àwa dúdú ṣe rí nìyẹn. Ní 2003, St. Jude tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: ọmọ dúdú àti ọmọ funfun tí wọ́n gba ìtọ́jú kan náà níbẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn kì í ti gbé ìwé owó fún òbí kankan, bákan náà ni wọ́n ṣe yè é.

Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ ká ṣọ́

Virchow sọ̀rọ̀ èdè, èmi náà á sọ díẹ̀. Nígbà tí oògùn oṣù àkọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọn kò rí àrùn mọ́, àwọn dókítà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò fún un ní èdè òyìnbó. Kò túmọ̀ sí pé àrùn ti tán. Ó túmọ̀ sí pé ó ti kéré débi tí ẹ̀rọ kò rí i mọ́. Báwo la ó ṣe sọ ìyẹn fún ìyá Yorùbá kan? Èyí tó yá lẹ́nu jù ni "ó ti san". Tí ìyá bá sì gbọ́ pé ó ti san, kí ló tún kù tó máa bá wá? Ta ló ń gba oògùn àìsàn tó ti san?

Èyí tí mo rò pé ó bá a mu ni "ó ti lúgọ". Ẹkùn tó lúgọ kò tíì kúrò nínú igbó. A kò rí i, kò bú, ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá ju ìbọn sílẹ̀ nítorí pé igbó dákẹ́ ti ṣe ara rẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá pé "Màmá, ó ti lúgọ o, oògùn ilé yìí la fi ń ṣọ́ ọ títí tí kò fi ní lè jáde mọ́," ọdún méjì yẹn á ní ìtumọ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́yìn odi jù. Ìdílé Yorùbá ní Kano lè bá dókítà tó ń sọ Hausa pàdé, ní Abidjan èdè Faransé ni. Ọmọ tó ti lọ sí ilé ìwé ni wọ́n sábà máa ń ní kó túmọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá jẹ́ ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó gbọ́ èdè méjèèjì, kó bá yín lọ, kó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà pé: ìgbà wo ni ìtọ́jú yìí máa parí gan-an?

Ilé-Ifẹ̀ àti oògùn ọ̀fẹ́

Mo ṣèlérí pé mà á padà sórí irú èyí tó ń rọra jẹ àgbàlagbà. Títí di nǹkan bí ọdún 2000, àwọn tó ń yè é kò pọ̀. Ní 2001, oògùn kan tó ń jẹ́ imatinib gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́ lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ nígbà náà ju 20,000 dọ́là lọ lọ́dún kan.

Ní 2003, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò tí ilé iṣẹ́ Novartis àti The Max Foundation gbé kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, wọ́n kọ̀wé lórí ènìyàn 98 tó gba oògùn níbẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 11, ìdajì wọn kò sì ju ọmọ ọdún 36 lọ. Bàbá ilé, ìyá ilé, ẹni tí gbogbo ìdílé ń wò lójú, ni wọ́n.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ifẹ̀ nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn yìí lábẹ́ ètò náà ní Nàìjíríà. Láti gbogbo ìhà orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń wá. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ láti àríwá dé Ifẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, àyẹ̀wò náà sì ní owó tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ Recife náà nìyẹn ní ilé wa: oògùn ọ̀fẹ́ tí ènìyàn kò lè dé ìdí rẹ̀ kò tíì di ọ̀fẹ́.

Kí ni ìdílé lè ṣe?

Èkíní, ibà tí a ti fún ní oògùn tó péye tí kò lọ, tàbí tó lọ tó tún padà, pàápàá tí ojú ọmọ bá funfun tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ẹ má tún ra oògùn ibà mìíràn. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní láàbù. Àyẹ̀wò yẹn kò le, kò sì wọ́n bí àwọn ńlá. Tó bá fi nǹkan hàn, wọ́n á fa mùdùnmúdùn díẹ̀ nínú egungun ìbàdí láti mọ̀ dájú.

Èkejì, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà: UCH Ìbàdàn, LUTH Èkó, ilé ìwòsàn Ahmadu Bello ní Zaria, Aminu Kano ní Kano, àti irú wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ béèrè òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró dìgbà tí owó bá tán kí ẹ tó sọ pé owó ń tán.

Ẹ̀kẹta, ètò adójútòfò ìlera. Ní Ghana, láti 2022, ètò ìjọba wọn gba irú jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin sínú ohun tó ń san owó rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí à ń sọ yìí sì wà lára wọn. Ẹ̀yin ará wa ní Accra àti Kumasi, ẹ forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ nígbà tí ara wọn yá. Ní Nàìjíríà, òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ó ju 70 lọ nínú 100 náírà tí à ń ná sórí ìlera tó jẹ́ pé inú àpò ara wa la ti ń mú un jáde. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ti ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì béèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò.

Ẹ̀kẹrin, tí ọmọ tó ń gba ìtọ́jú bá ní ibà, ẹ má sùn lé e. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní agbára, kòkòrò kékeré lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Òru ni o, òjò ni o, ẹ gbé e lọ. Nítorí èyí, ìdílé tó ti ọ̀nà jíjìn wá nílò ibùgbé nítòsí ilé ìwòsàn ju bí wọ́n ṣe nílò ẹ̀bùn ìrẹsì lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà. Àdúrà dára, ẹ gbà á. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó bá fẹ́ràn ọmọ yín á gbàdúrà fún un, á sì bi yín pé ṣé ó ti lo oògùn òní.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti ẹgbẹ́ wa. Ní gbogbo ibi tí Yorùbá bá wà lẹ́yìn odi, a ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, a ní àjọ, a ní èsúsú. Tí ọ̀kan nínú wa bá kú, owó á jáde kíá: ọkọ̀ tó máa gbé òkú relé, aṣọ ẹgbẹ́, oúnjẹ àlejò. Mo ń bẹ ẹ̀yin alága àti akápò pé kí ẹ gbé ìdajì owó bẹ́ẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìdílé tó ní ọmọ ní ilé ìwòsàn sílẹ̀. Kí ẹnì kan san owó ọkọ̀ oṣù yìí, kí ẹlòmíràn san ti oṣù tó ń bọ̀. Kí ẹni tó ní yàrá nítòsí ilé ìwòsàn gba ìyá náà sílé. Kí àwọn ọ̀dọ́ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọmọ tó ní àrùn yìí nílò ẹ̀jẹ̀ léraléra, òbí ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó wá ẹni tó máa fún un. Kí ẹnì kan máa pè ní alẹ́ pé, "Ìyá Báyọ̀, ṣé ọmọ ti lo oògùn?"

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Nígbà tí a bá ti ṣe gbogbo èyí tán, tí ọmọ sì kú, nígbà náà ni ẹnu wa tó láti sọ pé ọlọ́jọ́ ló dé.

Ẹ kọ̀wé sí wa tí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ tó ti ń ṣe irú èyí ní ìlú tí ẹ wà, kí àwọn yòókù lè kọ́ ọ.